Kí ló dé tó jẹ́ Mustang ni wọ́n ń ṣe ṣáá? Bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń yan bàálù ogun rìmóòtù tí wọ́n máa gbé jáde

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo bàálù ogun tí ayé ti ṣe rí, èwo ni wọ́n ṣe jù lọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní Spitfire tàbí Mustang, torí àwọn lorúkọ tí à ń gbọ́ nínú fíìmù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Il-2 ni, bàálù tí ìjọba Soviet fi bá Jámánì jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ lé ní 36,000. Spitfire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé díẹ̀ ní 20,000, Mustang ti Amẹ́ríkà sì lé ní 15,000.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, ì báà jẹ́ ní Houston tàbí ní London. Mustang lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Èyí tó lè wọ inú báàgì wà níbẹ̀, èyí tó gùn ju èèyàn lọ náà wà níbẹ̀. Il-2 ńkọ́? Ẹ óò wá a títí kí ẹ tó rí ẹyọ kan.

Ìdí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù wọ̀nyí kì í wo ìwé ìtàn ogun kí wọ́n tó yan. Ẹni tó máa rà á ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú bí bàálù náà ṣe máa ṣe lójú òfúrufú tí wọ́n bá sọ ọ́ di kékeré, àti iye tó máa ná wọn. Ẹni tó bá rò pé ohun ìṣeré ọmọdé lásán la ń sọ, kó mú sùúrù díẹ̀.

Mọ́ọ̀dù ló ń jẹ owó

Nígbà kan, igi tí wọ́n ń pè ní balsa ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Igi yìí fúyẹ́ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ìwé àwòrán sí i nínú páálí, ẹni tó rà á á wá fi glúù tò ó jọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ yí nǹkan kan padà, wọ́n kàn máa tún àwòrán yà ni.

Láti bí ọdún 2000 síwájú ni nǹkan ti yí padà. Bátìrì lithium tó fúyẹ́ tó sì lágbára dé, mọ́tò iná tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì nínú náà dé, fóòmù sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi. Fóòmù yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń sùn lé o. Ó sún mọ́ èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí, àmọ́ ó lágbára jù ú lọ, kì í sì í fọ́ sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rà á lè tò ó jọ láàárín wákàtí kan, kó sì fò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí wàhálà wà fún ilé iṣẹ́ nìyí: kí fóòmù tó lè di bàálù, ó gbọ́dọ̀ wọ inú mọ́ọ̀dù onírin. Wọ́n á da wóró fóòmù sínú rẹ̀, wọ́n á fi oru omi gbígbóná wú u títí á fi kún gbogbo kọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún ní mọ́ọ̀dù tirẹ̀, apá òsì ní tirẹ̀, ara àti ìrù náà ní tiwọn. Bíi mọ́ọ̀dù àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló rí: ẹ lè fi mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án ò lè mọ íǹṣì mẹ́fà láéláé. Mọ́ọ̀dù Mustang, Mustang nìkan ló wà fún.

Gbogbo owó yẹn ni wọ́n á sì ti ná tán kí wọ́n tó ta ẹyọ kan ṣoṣo. Tí ọjà bá kọ̀ ọ́, irin ló kù nílẹ̀.

Ta ló máa rà á?

Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú bàálù wọ̀nyí. FMS àti Freewing, ọmọ Ṣáínà ni àwọn méjèèjì. Horizon Hobby tó ni orúkọ ọjà E-flite sì wà ní ìlú Champaign, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ níbikíbi tí wọ́n ti ń ṣe é, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ọjà ńlá rẹ̀ wà.

Ẹ wò ó bí ọlọ́jà ṣe ń wò ó. Ọkùnrin kan ní Texas, tí bàbá bàbá rẹ̀ ja ogun yẹn, tó ti ń gbọ́ orúkọ Mustang láti kékeré, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé kankan fún un kó tó yọ owó. Il-2 nílò àlàyé, oníbàárà tí wọ́n bá sì ń ṣàlàyé fún, ó ti fẹ́ máa lọ nìyẹn. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún Spitfire ní Ìlú Ọba, níbi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àsíá orílẹ̀-èdè.

Fíìmù náà ní agbára tirẹ̀. Láti ọdún 1986 tí Top Gun ti jáde ni bàálù F-14 ti wọ ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí apá kejì rẹ̀ dé lọ́dún 2022, F/A-18 ló gba iwájú, Mustang sì tún yọjú níbẹ̀. Kò sí ìpolówó ọjà tó ju ìyẹn lọ, ilé iṣẹ́ bàálù rìmóòtù ò sì náwó kankan sí i.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Láyé ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní wíwa bàálù ogun nílùú Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn tó yege lé ní 900. Lọ́dún 1944, àwọn tó wà nínú ikọ̀ 332nd Fighter Group ń fi Mustang jà láti Ítálì, wọ́n sì kun ìrù bàálù wọn ní pupa. George Lucas gbé fíìmù jáde nípa wọn lọ́dún 2012, ó pè é ní Red Tails. Lónìí, Mustang onírù pupa wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ máa ń gbé jáde léraléra. Mo gbà pé ìtàn náà ló ń tà á. Ṣùgbọ́n pupa yẹn náà tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe, a máa dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn bàbá wa tó lọ sógun Bóòmà náà ní bàálù tiwọn. Lọ́dún 1944, nígbà tí Division 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà nínú igbó àfonífojì Kaladan, bàálù Dakota ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Dakota wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ní kékeré. Kò pọ̀ tó Mustang, torí kò yìnbọn, mọ́tò rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Mọ́tò méjì túmọ̀ sí ìnáwó méjì.

Ohun tí afẹ́fẹ́ gbà àti èyí tí kò gbà

Ká ní orúkọ nìkan ni, iṣẹ́ ì bá rọrùn. Àwọn bàálù kan wà tó lórúkọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti di kékeré, wọ́n di ẹlẹ́tàn.

Afẹ́fẹ́ kì í kéré nítorí pé bàálù kéré. Bí ẹ bá dín gígùn bàálù kù sí ìdajì, apá tó ń gbé e dúró kò ní kù sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Lójú apá kékeré, ńṣe ló dà bíi pé afẹ́fẹ́ ki ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣàn geere lórí rẹ̀. Bàálù tí etí apá rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti Spitfire ló máa ń jìyà èyí jù. Tí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá dín eré rẹ̀ kù jù nígbà tó fẹ́ balẹ̀, apá kan á ṣàdédé gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, bàálù á yí, ó di ilẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ohun tí a ń sọ yìí, owó ẹnìkan ló wà nínú rẹ̀.

Torí náà àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ṣe àbùlà. Wọ́n á mú kí apá nípọn díẹ̀ sí i, wọ́n á lọ́ etí rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n mú ìrù tóbi sí i. Àwọn tó mọ bàálù gidi dáadáa á bínú pé kò jọra mọ́. Àwọn tó fẹ́ kó padà délé láìfọ́ ò ní sọ nǹkan kan. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ kó padà délé.

Ẹsẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Bf 109 ti Jámánì ló yẹ kó máa bá Mustang figagbága nínú ọjà, torí èyí tí wọ́n ṣe lé ní 33,000, gbogbo ẹni tó mọ Spitfire ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Willy Messerschmitt tó ṣe é so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara bàálù dípò apá, kí wọ́n lè máa tú apá kúrò kí bàálù sì ṣì dá dúró. Ìyẹn mú kí táyà méjèèjì sún mọ́ra jù. Bàálù gidi ń ṣubú lórí pápá nígbà ogun, kékeré rẹ̀ náà ń ṣubú lórí koríko títí dòní. Mustang àti P-47 ní tiwọn ya ẹsẹ̀ gbòòrò, bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ilé iṣẹ́ tó bá ní owó mọ́ọ̀dù ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́, ẹ ti mọ èyí tó máa mú.

Imú ńkọ́? Nínú bàálù gidi, ẹ́ńjìnnì tó wúwo ló wà níwájú, òun ló ń bá ìrù wọ̀n. Mọ́tò iná ò wúwo bẹ́ẹ̀ rárá. Bàálù tí imú rẹ̀ kúrú, bíi Zero ti Jàpáàn, ìrù rẹ̀ á fẹ́ máa fà á sẹ́yìn, wọ́n á wá máa wá ibi tí wọ́n máa ti bátìrì sí níwájú, nígbà míì wọ́n tún máa ń fi irin sí i. Imú Mustang gùn. Bátìrì rí àyè jókòó níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹwà máa ń borí ọgbọ́n nígbà míì. Corsair ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní apá tó tẹ̀ wálẹ̀ kó tó tún gòkè. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, bí apá bá sì lọ gbọnrangandan, ẹsẹ̀ á ti gùn jù. Apá títẹ̀ yẹn ń dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe mọ́ọ̀dù. Síbẹ̀ gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ṣe Corsair, torí ẹni tó rí i lókèèrè kò ní ṣì í mọ̀.

T-28 Trojan sì wà, èyí tí kì í ṣe gbajúmọ̀ nínú fíìmù kankan. Bàálù tí wọ́n fi kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950 ni. Ó ní táyà lábẹ́ imú, apá rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, kò ní ìwà òjijì. Nígbà tí Horizon gbé e jáde lábẹ́ orúkọ ọjà ParkZone, ó di ààyò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kúrò lórí bàálù akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó mú kó rọrùn fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ogun nígbà yẹn náà ló mú kó tà.

Àwọn oníjẹ́ẹ̀tì

Jẹ́ẹ̀tì rìmóòtù kì í sábà ní iná gidi nínú. Fáànù oníná tó wà nínú ihò ló ń tì í, wọ́n sì ń fi mílímítà wọ̀n ọ́n: 64, 70, 80, 90. Bàálù tí fáànù yìí bá rí àyè nínú rẹ̀, tí ẹnu tó fi ń mí sì gbòòrò, ni wọ́n máa ń yàn. A-10 dára fún un, nítorí ìta ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì wà, lẹ́yìn, apá rẹ̀ sì gbòòrò. Freewing ṣe ọ̀kan tí fáànù rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 80 mílímítà.

F-104 ló yani lẹ́nu. Gígùn ara bàálù gidi náà tó mítà 16.7, gbogbo apá rẹ̀ láti etí dé etí kò sì ju mítà 6.7 lọ. Ọfà ni, kì í ṣe ẹyẹ. Síbẹ̀ Freewing ṣe é. Àwọn tó ti fi Mustang ṣeré sú ló ń ra irú rẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí aládùúgbò wọn ò ní. Ilé iṣẹ́ tó bá ti rí owó lórí Mustang lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí irú F-104. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Bátìrì, páálí àti ọ̀dà

Ohun tí èèyàn ò ní rò ni pé bátìrì máa ń yan bàálù. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní 3S 2200 wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣeré yìí. Bàálù tí apá rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.1 tàbí 1.2 ló bá a mu. Ìdí rèé tí bàálù ogun onífóòmù fi pọ̀ ní ìwọ̀n yẹn: oníbàárà ti ní bátìrì nílé, bàálù nìkan ló kù kó rà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016, bàálù èrò ò gbọdọ̀ gbé bátìrì lithium-ion tí wọ́n dá dì gẹ́gẹ́ bí ẹrù, torí iná. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wá ń ta bàálù wọn láìsí bátìrì nínú páálí.

Páálí náà ní òfin tirẹ̀. Fóòmù fúyẹ́, ṣùgbọ́n àyè tí ẹrù gbà ni àwọn tó ń kó o lọ ń gba owó lé lórí. Bàálù tí apá rẹ̀ kò ṣeé yọ sí méjì tàbí mẹ́ta, owó ọkọ̀ rẹ̀ lè jẹ gbogbo èrè.

Ọ̀dà ló wá ń gba ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ọ̀dà mẹ́ta mẹ́rin, ó di ọjà tuntun lọ́dọọdún. Mustang dára fún èyí, nítorí àwọn awakọ̀ rẹ̀ nígbà ogun máa ń kọ orúkọ sára bàálù wọn: Old Crow, Big Beautiful Doll, Cripes A'Mighty. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olùfẹ́ tirẹ̀.

A wá padà sórí ìrù pupa. Ọ̀dà ogun, ńṣe ni wọ́n kùn ún kí ọ̀tá má bàa rí bàálù. Ẹni tó dúró sílẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́ fẹ́ rí bàálù rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ. Tó bá jẹ́ ewé àti eérú nìkan ni wọ́n fi kùn ún, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti lè dárú mọ́ ọn lójú. Pupa, òféèfèé, àti ilà dúdú àti funfun tí wọ́n kùn sára bàálù fún ogun Normandy ní oṣù kẹfà ọdún 1944, gbogbo wọn ló ń gba bàálù lọ́wọ́ ìparun. Òfin náà ń dá sí ọ̀dà: ní Jámánì, kò sí àyè fún àmì Nazi ní gbangba, torí náà sítíkà Bf 109 kì í sábà ní in.

Ẹni tó ni orúkọ ń gba tirẹ̀

Bàálù ti dàgbà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì ní olówó. Lọ́dún 1996 ni Boeing ra ẹ̀ka tí ogún ilé iṣẹ́ tó ṣe Mustang wà lọ́wọ́ rẹ̀. F-16 wá sọ́wọ́ Lockheed lọ́dún 1993. Ìdí rèé tí ẹ fi máa ń rí i lára páálí pé Boeing tàbí Lockheed Martin ló fún wọn láṣẹ. Ẹni tó bá ń ṣírò èrè gbọ́dọ̀ fi ìyẹn kún un.

Ọjà yìí kì í sì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Hobbico, tó ni orúkọ ọjà Top Flite tí àwọn àgbàlagbà inú eré yìí mọ̀ dáadáa fún Mustang àti P-47 onígi, wọ ilé ẹjọ́ lóṣù kìíní ọdún 2018 pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Ìlú Champaign kan náà ni òun àti Horizon jọ wà. Horizon ló ra púpọ̀ nínú ẹ̀ka rìmóòtù rẹ̀.

Òfin náà ti di ara ohun tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, bàálù rìmóòtù tó bá ju gíráàmù 250 lọ gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ FAA. Àwọn ilé iṣẹ́ sì ní àwọn kéékèèké tó kéré sí ìyẹn, Mustang ò sì gbẹ́yìn níbẹ̀ náà. Ẹ̀yin ará ilé tó fẹ́ kó ọ̀kan bọ̀ wá sílé fún ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè kí ẹ tó rà. Nàìjíríà ń béèrè ìwé àṣẹ end-user láti ọ́fíìsì Olùbádámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò fún ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní awakọ̀, NCAA náà sì ní òfin tirẹ̀ lórí fífò wọn. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í sábà gba àlàyé pé ohun ìṣeré ni.

Ti àwọn ọmọ ogun òfúrufú tiwa ńkọ́? L-39 Albatros tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ ní Kano wà nínú ọjà dáadáa, nítorí apá rẹ̀ gbọnrangandan, fáànù sì rí àyè nínú rẹ̀. Kì í ṣe tìtorí Nàìjíríà ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ sí i nìyẹn. Air Beetle, bàálù ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n tò jọ ní Kaduna, kò sí lára àwọn tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe. Àmọ́ ara RV-6A, bàálù Amẹ́ríkà kan tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò nílé, ni wọ́n ti yọ Air Beetle. E-flite sì ti ṣe RV-7, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ẹni tó bá rà á, tó gbé táyà ẹ̀yìn lọ sábẹ́ imú, tó sì kun àwọ̀ ewé àti funfun sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.